Ẹ̀jẹ́ Orí Òkè

Bí mo bá ti fẹnu kan dòdò Ìkirè, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mo máa ń rántí. Èmi ni mò ń gbé e lọ fún wọn lórí òkè àdúrà, níbi tí wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní sọ̀ kalẹ̀ títí ọmọ àwọn yóò fi ti ìlú òyìnbó dé. Gbogbo òrùlé Àpòmù, ìlú wa, ni wọ́n ń rí látòkè. Bí mo bá ń lọ, wọ́n á fọwọ́ pa orúnkún wọn, wọ́n á ní, "Sọ̀ jẹ́jẹ́ o."

Ọdún kẹsàn-án lọmọ dé. Mo sáré gòkè lọ sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ n pọ̀n yín."

"Òkú nìkan ni wọ́n ń gbé sọ̀ kalẹ̀ níbí. Ẹ̀jẹ́ ti tú mi sílẹ̀, orúnkún ni ò tú mi sílẹ̀."