Ibi Tí 0.45 Ń Gbé

Irun ọmọbìnrin mi ni mò ń yà lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú náà. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún mi méjèèjì, mo ti fi ìpara pa orí rẹ̀, mo sì fẹ́ di ṣùkú fún un. Èmi kì í kánjú ya irun. Ìlà tí kò bá gún, títú ni mo máa ń tú u, kí n tún un yà. Iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀: 0.6, 0.45, 0.5 àti 0.405, pẹ̀lú ìlà gbọọrọ kan tí wọ́n kọ òdo sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n kọ oókan sí òpin. Wọ́n ní kó fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀ lórí ìlà náà.

Ó ní 0.405 ló pọ̀ jù, torí pé òun ló gùn jù.

Mo ní, "Rárá o. Fi òdo kún ìdí àwọn tó kúrú, kí gbogbo wọn gùn bákan náà. 0.600, 0.450, 0.500, 0.405. Ó yá, wò ó, èwo ló pọ̀ jù?"

Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn nílé ẹ̀kọ́ girama. Ó tò wọ́n bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n nígbà tó padà sórí ìlà náà, ó tún dúró.

"Mọ́mì, mo ti mọ èyí tó ṣáájú. Ibi tó ń gbé gan-an ni tíṣà wa fẹ́ mọ̀."

"Àárín 0.405 àti 0.5 ni 0.45 ń gbé."

"Níbo láàárín wọn?"

Mò ń ronú ohun tí màá sọ, ó ti fa fóònù yọ. "Ẹ jẹ́ kí n pe Àǹtí."

Àǹtí yìí ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Little Elm ni wọ́n ń gbé nílẹ̀ òyìnbó níbí, nítòsí adágún, Pleasant Grove làwa wà, lódìkejì ìlú. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, inú ilé ló sì ti ń ṣe é. Ìwé mẹ́wàá lèmi kà, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Lancaster ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni ìyálé rẹ̀, kò sì gbàgbé rí. Ó ti wù mí kó gbàgbé lọ́jọ́ kan, kí n lè rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ ṣe yọ lórí fóònù báyìí, ó kúnlẹ̀. Mo rí i bí orí rẹ̀ ṣe lọ sísàlẹ̀ nínú àwòrán.

"Ẹ káàsán, ìyálé mi. Ẹ kú iṣẹ́ irun o."

"O ṣeun, ìyàwó wa. Ọkọ wa ńkọ́?"

"Wọ́n ń sùn, mà." Ó wá yíjú sí ọmọ mi. "Ọkọ mi, kí ló dé?"

Ọkọ mi ló máa ń pè é, torí wọ́n ti bí ọmọ náà sínú ẹbí kó tó wọlé wá. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ìyẹn náà sì máa ń dùn mí. Ọmọ náà fi ìwé hàn án.

"Fọkàn yàwòrán pé ilé wa ni òdo, ilé yín ni oókan. O wà nínú mọ́tò lórí títì fíríwè, ò ń lọ sílé. Tó o bá dé ìdajì ọ̀nà, ibo lo wà?"

"0.5!"

"Ehn-ehn. 0.4 ńkọ́?"

"Mi ò tíì dé ìdajì." Ló bá pariwo: "Àárín méjèèjì gẹ́lẹ́ ni 0.45! 0.405 sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá 0.4 ni!"

"Orí ẹ pé, ọkọ mi!"

Mo ṣàkíyèsí pé àǹtí rẹ̀ mú òdo fún ara rẹ̀, ó sì fún mi ní oókan. Kódà nínú ìṣirò, ó fi mí sí ipò àgbà. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ ń mì, ìlà irun tí mo yà sì wọ́.

"Gbé orí ẹ sójú kan!" Ohùn mi le ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Àǹtí, ṣé ẹ máa bá mi lọ síléèwé wa ní Ọjọ́bọ̀? Ìrọ̀lẹ́ ìṣirò ni. Àgbàlagbà kan ṣoṣo lẹnì kọ̀ọ̀kan lè mú wá."

Òòyà dúró lọ́wọ́ mi.

"Mọ́mì ẹ ńkọ́?"

"Mọ́mì ò fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn."

Kò parọ́ mọ́ mi. Àǹtí rẹ̀ wò mí nínú fóònù, mo wo irun.

"Ọjọ́bọ̀ kẹ̀? Há, mi ò ní ráàyè, ọkọ mi. Mọ́mì ẹ ni kó o mú lọ."

Bẹ́ẹ̀, ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lòun gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ tí mo fi inú mi bí ló mú, ó fi ta mí lọ́rẹ. Mo sì sọ pé ó ṣeun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dì.

"Yéè, Mọ́mì! Ó ti le jù!"

Mo tú u.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n na okùn gígùn sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìṣeré iléèwé náà, òdo lápá kan, oókan lápá kejì. Wọ́n pín káàdì fún wa pé kí oníkálùkù lọ dúró síbi tí nọ́ńbà rẹ̀ ń gbé, kó sì kọjú sí oókan. 0.45 bọ́ sọ́wọ́ wa. Ọmọ mi rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, ó ronú, ó gbé mi dúró, ó ní kí n má mira, ó wá lọ ran ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ara mi balẹ̀. Èmi ni wọ́n fi síbẹ̀, kì í ṣe ẹlòmíì.

Mo wá gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́yìn mi. Ìyá àgbà kan tó ń sọ èdè Sípáníìṣì ni, orí rẹ̀ funfun báláú. Ó ń wá ibi tó máa dúró sí. Báwo ni màá ṣe kọ ẹ̀yìn sí irú ìyá bẹ́ẹ̀, kí n máa ṣíwájú rẹ̀? Mo yẹ̀ fún un. Mo dì í lápá mú, mo ní, "Ẹ máa bọ̀ síwájú, mà." Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ síwájú, mo sì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Mọ́mì! Kí lẹ wá ṣe níbẹ̀?"

"Àgbà ni wọ́n."

"0.405 ni wọ́n!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Tíṣà rẹ̀ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi, tí wọ́n bí sílẹ̀ òyìnbó níbí, bọ́ síwájú, ó ní, "Níbi tí a ti wá, àgbà ló máa ń ṣáájú." Ó wá di èmi àti ìyá náà lọ́wọ́ mú, ó tò wá padà.

Inú mi ti fẹ́ máa dùn. Ṣùgbọ́n a ò tíì kúrò níbi tí a gbé mọ́tò sí tó fi pe Little Elm. Ó ń ròyìn mi, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, èmi ń wakọ̀. Mò ń rò ó pé lọ́jọ́ mìíràn, ọmọ yìí kò ní mú mi lọ mọ́ rárá. Àǹtí rẹ̀ kò ní yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, yóò dúró síbi tó yẹ. Mo jowú rẹ̀, mo sì tẹjú mọ́ ọ̀nà.

Ó pa fóònù. Ó yọ bàtà rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sórí àga, ó fọwọ́ pa ṣùkú orí rẹ̀ títí.

"Mọ́mì," ó ní, "lọ́dún tó ń bọ̀, ibi tí mo bá fi yín sí ni kẹ́ ẹ dúró sí o."