Bí A Ṣe Mọ Sọ́ǹpù Tí Ó Bá Ọkọ̀ Fẹ́líìsì Mu

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ro ohun tí ojú mi rí ní Ẹ̀jìgbò fún yín, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹkún. Bí ẹ̀rín bá pa yín, ẹ rín in. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín tèmi pẹ́ kí ó tó dé.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo ń ṣe nígbà náà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, mo máa ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbàlagbà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ wa, níbi tí a ti ń kọ́ ìwé kíkà àti ìṣirò. Tíṣà wa a máa kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe kọ ìdáhùn sílẹ̀ nígbà tí a kò tíì ka ìbéèrè tán. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mú un wọ inú iṣẹ́ mi. Ṣé ẹ mọ orúkọ tí àwọn oníbàárà sọ mí nítorí rẹ̀? Ìgbín! Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ tú táyà kan, mo ní láti kọ́kọ́ kí i ná, kí n béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀.

Fẹ́líìsì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọmọ àdúgbò wa ni, ìṣojú mi ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ. Ó lọ sí Àbíjáǹ, ó ṣiṣẹ́, ó rí ṣe díẹ̀, ó sì padà wálé pẹ̀lú àwọn ṣòkòtò funfun àti èdè Faransé tí kò jẹ́ kí a sinmi. Bí ènìyàn bá kí i ní òwúrọ̀, "bọ̀ǹjúù" ni yóò fi dáhùn. Bí ó ṣe di ẹni tí à ń pè ní Músíyẹ̀, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni lédè Faransé, nìyẹn.

Ó ra ọkọ̀ kan ní Ìbàdàn lọ́wọ́ òyìnbó kan tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn, irú ọkọ̀ wo nìyẹn! Ọkọ̀ pupa, ẹlẹ́ni méjì, tí kò ní òrùlé, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń sáré ìje. Ó ti dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n Fẹ́líìsì ń nù ún láràárọ̀ débi pé adìẹ ń rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń bá ara rẹ̀ jà. Ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni bí ó ti kúrú tó. Ewúrẹ́ a dúró tì í, a sì máa wo inú rẹ̀ láti òkè. Àdúgbò sọ ọ́ ní Aláǹgbá, nítorí pé ó fi ikùn lẹ̀ mọ́ ilẹ̀.

Fẹ́líìsì ń fẹ́ Làbákẹ́, ọmọ àgbẹ̀ oníṣu kan ní Isundunrin. Ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa ní Ẹ̀jìgbò. Ó ti fọ́nnu fún àwọn àna rẹ̀ pé inú ọkọ̀ pupa náà ni ìyàwó yóò jókòó sí wọ ìlú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan sílẹ̀, ó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé àbùkù ni. Bàbá Làbákẹ́ wò ó, ó ní ó dára. Ó wá fi kún un pé bí ọkọ̀ pupa kò bá yọjú, orí ẹrù iṣu ni ọmọ òun yóò gùn dé ṣọ́ọ̀ṣì, òun yóò sì rí i pé gbogbo ìjọ mọ ẹni tí ó gbé e síbẹ̀.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀?

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó náà gan-an, Fẹ́líìsì ń bọ̀ láti ilé àna. Òkúta kan yọrí láàárín ọ̀nà. Ọkọ̀ mìíràn yóò gba orí rẹ̀ kọjá láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Aláǹgbá kò lè gba orí ohunkóhun kọjá. Òkúta náà gbá sọ́ǹpù, ìyẹn àwo irin tí ó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí epo ẹ́ńjìnnì máa ń dúró sí. Ikùn sọ́ǹpù já bọ́ sọ́nà, epo sì dà nù tán. Kí wọ́n tó padà lọ wá ikùn náà, ẹnìkan ti gbé e lọ, wọ́n ní ó ti dé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Etí rẹ̀ nìkan ni ó kù tí bóòtù dè mọ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ti ọkọ̀ náà dé iwájú ilé bàbá Fẹ́líìsì, ó sì jókòó síbẹ̀, ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù tí ìyàwó mi ti ń ta kẹrosíìnì.

A ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Súlè awakọ̀ gbé sọ́ǹpù dé. Méjì ni ó gbé. Oníṣòwò tí ó rán an kò mọ èyí tí yóò bá ọkọ̀ náà mu, nítorí náà ó ní kí a mú ọ̀kan, kí Súlè dá èkejì padà. Súlè sì ti sọ pé bí òun bá ti jẹun ọ̀sán tán, òun ti lọ nìyẹn, ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Sọ́ǹpù méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì. Ihò bóòtù wọn kò yàtọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n: ọ̀kan yọ ikùn níwájú, èkejì yọ ikùn lẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pá irin kan tí ó nípọn máa ń dábùú abẹ́ ọkọ̀. Bí ọ̀pá náà bá wà níwájú, ikùn sọ́ǹpù gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn. Bí ó bá wà lẹ́yìn, ikùn gbọ́dọ̀ wà níwájú. Bí ènìyàn bá ṣì í mú, sọ́ǹpù àti ọ̀pá yóò forí gbárí, kò sì sí òòlù tí yóò là wọ́n níjà.

Fẹ́líìsì ti yan tirẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Èyí tí ó yọ ikùn níwájú ni ó fẹ́, nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà fàdákà, ó sì ń dán. Èkejì dúdú. Ó ní ó jọ ìkòkò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ajá. Mo bi í pé ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ níbi ìgbéyàwó. Ó ní òun yóò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Èmi ní kí a kọ́kọ́ wo abẹ́ ọkọ̀. Ìbéèrè ni kí a kà tán ná.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe wò ó? Òjò ti kún inú kòtò tí mo máa ń dúró sí ṣiṣẹ́. Jáàkì mi, ti ọkọ̀ akẹ́rù ni, ó ga ju ibi tí mo fẹ́ kì í bọ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin tí wọn yóò bá wa gbé ọkọ̀ náà sókè wà lóko títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọdé wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Mo gbìyànjú láti fẹ̀yìn lélẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe. Imú mi ni kò gbà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù: kí ènìyàn fi àyà lélẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí ó fi àgbọ̀n kan erùpẹ̀, kí ó sì nà tọwọ́ tẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ Yorùbá ń pe ìyẹn?

Fẹ́líìsì fara ti ọkọ̀ rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan kọ́ ẹsẹ̀ kejì, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí bí ọba tí ó ń retí ìjòyè rẹ̀. Mo rọra kúnlẹ̀. Kí n tó fi ọwọ́ kejì kanlẹ̀, mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi láti ọ̀kánkán.

"Bàbá Ṣọlá, ta ni ẹ fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún?"

Mo dìde, mo gbọn eékún mi. Mo sọ fún Fẹ́líìsì pé kí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Ó ní òun kò lè fi ọkọ̀ òun sílẹ̀, pé kí n máa ṣe tèmi, òun kò ní wò mí. Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ wò ó nígbà náà, àbí kì í ṣe òun ni ó ni ín? Ó nàka sí ṣòkòtò rẹ̀, lẹ́yìn náà ó nàka sí ilẹ̀ pupa tí òjò ti rin, ó ní "nọ́ọ̀n", ìyẹn ni pé rárá.

Mo yá dígí lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, mo so ó mọ́ igi, mo kì í bọ abẹ́ ọkọ̀. Ojú ara mi ni mo rí, ó sì ń wò mí tìyanu-tìyanu. Súlè, tí ó ti ń fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ pè wá, ní kí a mú èyíkéyìí, pé kì í ṣe ìyàwó ni à ń fẹ́.

Ibẹ̀ ni ìyàwó ti wá sí mi lọ́kàn, àti bàbá ìyàwó. Ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ náà! Mo bẹ Súlè kí ó fi sùúrù jẹ oúnjẹ rẹ̀, mo gba ìsọ̀ àwọn oníṣu lọ.

Bàbá Làbákẹ́ jókòó ti iṣu rẹ̀, ó ń rún pákò. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un bí ó ti yẹ, mo sì ro gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí.

"Ṣé ó wọ ṣòkòtò funfun yẹn lónìí?"

Mo ní ó wọ̀ ọ́. Ó tu pákò nù, ó sì dìde.

Nígbà tí a dé, bàbá gba ẹ̀yìn ọkọ̀ yí sí òdì kejì, ó dúró ní ọ̀gangan ẹ́ńjìnnì bí mo ti júwe fún un. Ọkọ̀ náà wà láàárín òun àti Fẹ́líìsì, ṣùgbọ́n kò ga ju orúnkún bàbá lọ púpọ̀. Fẹ́líìsì fẹ́ sáré yí lọ bá a.

Bàbá nawọ́. "Má yọ ara rẹ lẹ́nu, àna mi. Ibẹ̀ náà dára."

Fẹ́líìsì wo ilẹ̀. Ó wo ṣòkòtò rẹ̀. Ó wo èmi. Kí ni kí ó ṣe? Ìgbéyàwó ku ọ̀la, ó di ọ̀túnla! Ó nà gbalaja, ojú rẹ̀ sì kọ abẹ́ ọkọ̀ tààrà.

Bàbá kò sọ pé kí ó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Ó béèrè bàbá rẹ̀, ó béèrè ìyá rẹ̀, ó béèrè àwọn tí ó fi sílẹ̀ ní Àbíjáǹ, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ti ń rọ̀ níbẹ̀. Fẹ́líìsì ń fi "bẹ́ẹ̀ ni, sà" dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi ti jáde pẹ̀lú ìgò kẹrosíìnì lọ́wọ́. Mo lóṣòó ti ẹsẹ̀ Fẹ́líìsì.

"Fẹ́líìsì, níwọ̀n ìgbà tí o ti dé ibẹ̀, bá mi wo ọ̀pá kan tí ó dábùú. Ṣé iwájú ni ó wà, àbí ẹ̀yìn?"

Ohùn kan jáde láti ilẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, Ọlọ́run rí yín."

"Ó rí gbogbo wa. Ọ̀pá ńkọ́?"

"Iwájú ni."

Bàbá fi ọwọ́ kan etí. Ó ní etí àgbà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ sínú erùpẹ̀, pé kí ni àna òun wí? Fẹ́líìsì kígbe pé iwájú ni. Èmi, tí ẹ mọ̀ pé n kì í gbára lé ojú nìkan, bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ọwọ́ kàn án, kí ó má baà jẹ́ òjìji. Ó fi ọwọ́ kàn án. Ọwọ́ náà padà jáde pẹ̀lú epo dúdú títí dé ìgúnpá.

"Dìde, ọkọ ọmọ mi," ni bàbá wí. "O mọ̀ ọ́n kí."

Ẹ má béèrè bí iwájú ṣòkòtò náà ti rí. Súlè gbé sọ́ǹpù fàdákà padà lọ sí Ìbàdàn, a mú ti dúdú.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin dé láti oko. Wọ́n gbé iwájú ọkọ̀ sókè, a sì fi odó tí a dojú rẹ̀ dé gbé e ró. Mo tú etí sọ́ǹpù àtijọ́ kúrò, mo fọ ojú ibẹ̀ mọ́. Ọ̀pá kékeré tí ó ń fa epo wà lẹ́yìn lóòótọ́, ó sì wọ inú ikùn sọ́ǹpù dúdú bí ẹsẹ̀ ti ń wọ bàtà tirẹ̀. Mo gé gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí epo jò láàárín irin méjì, láti ara páálí ṣúgà, mo fi gíríìsì pa á. N kò fún bóòtù apá kan le kí n tó dé apá kejì. Mo ń mú wọn ní òdìkejì ara wọn díẹ̀díẹ̀, bí ènìyàn ti ń so ẹrù mọ́ kẹ̀kẹ́ kí ó má baà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ̀yìn ni mo fi lélẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n bóòtù ìkẹyìn fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀pá tí ó dábùú náà, ọwọ́ mi kò tó o àfi bí mo bá dojú bolẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí Fẹ́líìsì. Mo yí padà, mo nà sílẹ̀, ọwọ́ kan di sọ́ǹpù mú, ọwọ́ kejì di sípánà mú.

Ní òdì kejì, ẹsẹ̀ méjì yọ sí mi. Ṣòkòtò funfun mìíràn, mímọ́ lóló!

"Ẹ dìde, Bọ̀ọ̀dá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ dùn bí ti bíṣọ́ọ̀bù. "Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Mo ti dárí jì yín."

Àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi wá ibi jókòó. N kò lè dìde, nítorí pé bóòtù náà kò tíì le. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo gba ìdáríjì mi, mo sì ń yí sípánà títí ó fi kọ̀.

Ní Sátidé, Fẹ́líìsì kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, nítorí pé kò yẹ kí ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ wa ìyàwó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò fi ṣeré rárá lọ́jọ́ náà. Ó kàn ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má yára." Ta ni ó ń sọ fún? Gbogbo òkúta ọ̀nà Isundunrin ni mo yà fún. Àwọn obìnrin tí ń fi ẹsẹ̀ rìn kọjá wa, wọ́n tún dúró dè wá. Làbákẹ́ bi mí láti inú ìbòrí rẹ̀ bóyá a ti ń lọ ni, tàbí mo ṣì ń kí ọkọ̀.

Bàbá rẹ̀ ti dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí a dé. Kò kọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ó dúró títí orin àkọ́kọ́ fi parí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ba tòun ti agbádá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ náà wò. Ó gbẹ, epo kankan kò kán sílẹ̀. Ó nù ún lára aṣọ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ kan náà sí ọmọ rẹ̀ láti mú un sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé àwọn nǹkan kan wà tí ojú ẹni tí ó dúró kò lè tó. Bí àgbà bá kọ̀ tí ọmọdé náà kọ̀, iṣẹ́ yóò wà nílẹ̀ títí ìyàwó yóò fi gun ẹrù iṣu. Kí ẹnìkan yára fi àyà kan ilẹ̀. Ẹ̀rín tí wọn yóò rín kì í pa ènìyàn, mo ti dán an wò.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Iṣẹ́ wo ni ó ti mú yín balẹ̀ níwájú ẹni tí ẹ kò fẹ́ balẹ̀ fún rí? Ẹ má fi pamọ́ o. Èmi ti tú àṣírí tèmi, ó ku tiyín.