Mo Fa Wáyà Bátìrì Yọ

Èmi ni mo jó rẹ́tífáyà alùpùpù nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan, àpótí kékeré tó ń bu iná fún bátìrì. Mo fa wáyà bátìrì yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ké, torí àwọn ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì àdúgbò Angwan Rogo ní bí ẹ́ńjìnnì ò bá ti kú, ó ń ṣáájì nìyẹn. Mítà tí a fi ń wọn iná wà nínú àpótí irinṣẹ́, àmọ́ ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Akínkanjú tó ń sá fún mítà, ó wá fọwọ́ lásán fa iná! Gílóòbù iwájú tàn yòò, ó fọ́. Èéfín rú lábẹ́ síìtì, ó ń rùn bí ìwo àgbò tó bọ́ sínú iná.

Ọ̀gá mi, bàbá Ìlọrin kan tó ń tún alùpùpù ṣe ní àdúgbò Gangare, ti lọ kírun Àìlá. Ó ti lé ọmọṣẹ́ méjì lọ ṣáájú mi, bàbá tó bí mi sì ti búra pé òun ò ní wá iṣẹ́ mìíràn fún mi mọ́. Bí ó ṣe dé, mo yára ní, "Bátìrì ló kú, Bàbá."

Nọ́ọ̀sì tó ń dúró de alùpùpù rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Bátìrì ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé! Mo ṣáà gbọ́dọ̀ rà á. Aláboyún kì í dúró de iná."

"Ẹ ní sùúrù ná, ìyá," ni ọ̀gá mi wí.

Bàbá gbé mítà lé bátìrì. "Kò kú. Ebi ló ń pa á." Ó ta ẹ́ńjìnnì jí, ó mú kó ké sí i, ó tún wọn bátìrì, nọ́ńbà ojú mítà ò gòkè. Ó tú wáyà yẹ́lò mẹ́ta tó ti inú ẹ́ńjìnnì wá, ó wọ̀n wọ́n ní méjì-méjì. Wọ́n dọ́gba, àbùkù ò sí níbẹ̀. Ó wá tọ wáyà tí wọ́n dè mọ́ irin alùpùpù lọ: ìpẹtà ti bo ìdí rẹ̀.

"Ohun tó ń febi pa bátìrì yín rèé. Sánpépà ló ń fẹ́."

Ó ha á, ó dè é le. Síbẹ̀, nọ́ńbà ò gòkè. Ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ́tífáyà.

"Kái! Ta ló fa wáyà bátìrì tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́?"

Ewúrẹ́ kan ń kọjá, mo tẹjú mọ́ ọn bíi pé òun ni.

"Èmi ni, Bàbá."

Ó sọ sípánà mọ́lẹ̀, adìyẹ fọ́n ká. "Òpùrọ́! O ń bẹ̀rù mítà, o ò bẹ̀rù àtifi ọwọ́ ara rẹ ti obìnrin yìí lọ ra ohun tí kò nílò? Wallahi, o fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́!"

Kò nà mí. Ìbá sàn kó nà mí. Ó tú rẹ́tífáyà alùpùpù tirẹ̀, ó fi rọ́pò èyí tó jó lára ti nọ́ọ̀sì, ó ń kùn sí mi bí oyin. Nọ́ńbà gòkè.

Mo ti dọ̀gá lónìí, inú sì ń bí mi bí mo bá rí ẹni tó ń sọ pé bátìrì kú láì tíì wọ̀n ọ́n. Ara mi ni mo ń rí.

Lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, kí lẹ máa wá gùn? Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má lé e."

"Ẹsẹ̀ mi ni n ó gùn. Òun á máa ru àpótí irinṣẹ́ tẹ̀ lé mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, títí n ó fi rí rẹ́tífáyà òmíràn. Ta ló fẹ́ lé e? Bí mo bá lé e, alùpùpù ta ni ẹ fẹ́ kó tún lọ jó?"