Káàdì Àwọn Kẹ́hìndé

Ẹni tí a bí ṣìkejì ni ìtàn yìí ń tọ̀ lẹ́yìn. Ẹ rọra rìn, nítorí kò fẹ́ràn kí wọ́n tẹ òun lẹ́sẹ̀.

Kẹ́hìndé ló mú wá láti ọ̀run. Jemilat ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Òun àti Táyé dàgbà ní Mushin, nínú ilé tí yàrá mẹ́wàá ti dojú kọ ara wọn, tí kàǹga kan ṣoṣo wà lẹ́yìnkùlé. Ohun tí ìyá wọn bá rà fún ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ rà á fún èkejì: bàtà méjì, ìlẹ̀kẹ̀ méjì, àkàrà méjì. Wọ́n a máa dàrú mọ́ àwọn ará ilé lójú. Ẹni tí kò bá fẹ́ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu a kàn pè wọ́n ní Ìbejì, a bá tirẹ̀ lọ.

Ìyẹn ò dun Jemilat. Ti tísà ìṣirò ní kíláàsì kẹrin ló dùn ún. Tísà ṣí ìwé Táyé, ó fún un ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ó sì kọ mẹ́ta sára ìwé Kẹ́hìndé láìṣí i rárá. Jemilat gbé ìwé náà padà lọ síwájú tábìlì.

"Ẹ ò ṣí tèmi, sà."

"Kí ni n ó ṣí i fún? Ṣé kì í ṣe inú kan náà lẹ ti wá?"

"Inú kan náà la ti wá, sà. Orí kan náà kọ́ la gbé wá."

Ó jẹ ẹgba mẹ́fà nítorí ẹnu yẹn. Kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó sú tísà, ó ṣí ìwé: mẹ́sàn-án ni. Títí di òní, bí Jemilat bá ń sọ ọ́, á ní òun fi ẹgba mẹ́fà ra mẹ́sàn-án, ọjà náà ò sì wọ́n.

Ọdún ń gorí ọdún. Táyé bá ọkọ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Jemilat kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Yábà, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Abọ́dúndé ló ni ilé ìgbẹ̀bí náà. Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé ló ń bá a bójú tó o. Káàdì àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ Jemilat. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé sáàárín wọn ní 1993, mẹ́rin ni wọ́n rà, wọ́n fi wáyà so wọ́n mọ́ ọ̀kan gìǹdìgbà ní yàrá ẹ̀yìn, inú gìǹdìgbà yẹn ni káàdì gbogbo ọmọ sì ń gbé. Bí iṣẹ́ ọjọ́ bá parí, Jemilat á ki téèpù bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, ẹ̀rọ á da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí téèpù, òun á gbé téèpù sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, á tì í. Bí ẹ̀rọ bá kú, káàdì kò ní bá a kú. Mẹ́fà ni àwọn téèpù náà, wọ́n ń yí wọn po bí ẹni tó ń pààrọ̀ aṣọ iṣẹ́.

Kí ó tó di 1996, téèpù ò gba ẹrù mọ́. Ibi ìforúkọsílẹ̀ tọ́jú káàdì ọmọ kan, yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tọ́jú tirẹ̀, wọ́ọ̀dù tọ́jú tirẹ̀, ibi àjẹsára náà tọ́jú tirẹ̀. Ọmọ kan, káàdì mẹ́rin, ọ̀rọ̀ kan náà. Ọlápàdé bá ránṣẹ́ sí Jude, ẹnjiníà kọ̀ǹpútà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Costain.

Jude mọ iṣẹ́, kò sì fi pamọ́ pé òun mọ̀ ọ́n. Ó ní àwọn á kó gbogbo káàdì sínú àpótí àjọlò kan. Èyí tó bá jọra, ọ̀kan péré ni wọn yóò tọ́jú. Níbi mẹ́ta yòókù, àmì ni wọn yóò fi síbẹ̀ tí yóò máa tọ́ka sí ọ̀kan náà. "Yàrá kan, ilẹ̀kùn mẹ́rin," ó wí.

Ó wọ Jemilat létí. "Bíi kàǹga ilé wa nìyẹn. Yàrá mẹ́wàá ló ń pọn ún, kò sẹ́ni tó gbẹ́ tirẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Jude rẹ́rìn-ín. Ní Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì, ó to gbogbo rẹ̀. Ó ní kí wọ́n nu àwọn téèpù àtijọ́, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó nu márùn-ún. Ẹ̀kẹfà, èyí tí Jemilat kọ lọ́jọ́rú, wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ajé òun á nu ìyẹn náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Jemilat jókòó láti ṣètò káàdì àwọn ọmọ tí yóò wá lọ́jọ́ kejì. Ìbejì Saidat Àbdùlsàmàd wà lára wọn, Saidat aránṣọ tó ń gbé nísàlẹ̀ òpópónà. Hafsat ni Táyé, Ummulkhair ni Kẹ́hìndé. Ó pe káàdì Ummulkhair. Hafsat ló jáde. Ó tún un pè. Hafsat náà ni.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì Ummulkhair pé wọn kò gbọ́dọ̀ fún un ní pẹnisílìnì, nítorí ọjọ́ tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ yẹn, ojú ọmọ náà wú pa mọ́, èémí sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ lórí káàdì Hafsat. Ó pe ìbejì mìíràn, ó pe òmíràn. Táyé, Táyé, Táyé ni gbogbo wọn.

Ó mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ kò gbà ju àmì mẹ́jọ lọ fún orúkọ káàdì, nítorí náà lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n ń mú nínú orúkọ bàbá, nọ́ńbà mẹ́rin fún ọjọ́ ìbí. Bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà: orúkọ ìbejì á kọlu ara wọn. Wọ́n wá ṣe fódà méjì, bí àpò ìwé, sínú ẹ̀rọ. Táyé ń lọ sínú KINNI, Kẹ́hìndé ń lọ sínú KEJI. Ó pẹ́ tí gbogbo ilé ti mọ̀ ọ́n, débi pé kò sẹ́ni tó rántí láti sọ fún Jude. Lójú Jude, KEJI ni ẹ̀dà KINNI. Kẹ́hìndé mọ́kànlélọ́gọ́ta ló ti rá, kò sì síbi tí wọ́n ṣẹ́ kù sí bí kò ṣe orí téèpù inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Jemilat dìde, ó wò ó bóyá kọ́bọ́ọ̀dù ṣì wà ní títì, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró, ó fa àga, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn onírin náà.

Ibẹ̀ ni Ọlápàdé àti Jude bá a.

"Jemilat, mú téèpù yẹn wá. Ẹnjiníà fẹ́ tètè lọ."

"Kò níí jáde, sà, àfi tí a bá ṣí àwọn káàdì yẹn wò. Ẹ ti pa àwọn Kẹ́hìndé rẹ́."

Ó ṣàlàyé. Jude mirí. "Àǹtí Jemilat, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ kan náà, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Kí lẹ tún ń fẹ́?"

"Ọjọ́ kan náà ni ìyá wọn ń pọ̀n wọ́n wá. Fọ́ọ̀mù kan náà la sì ń kọ, ibi tí a ò kọ nǹkan sí gan-an ní ìwọ̀n lójú ẹ̀rọ. Ẹnjiníà, ṣé ẹ ṣí inú rẹ̀ wò?"

"Kò pọn dandan."

"Tísà mi náà wí bẹ́ẹ̀. Gálọ́ọ̀nù méjì ga bákan náà, omi wà nínú ọ̀kan, kẹrosíìnì wà nínú èkejì. Ẹ mu ọ̀kan láìṣí i, ká wòran yín."

Ọlápàdé gbójú mọ́ ọn. "Ta ló gbà ọ́ síṣẹ́ ẹnjiníà? Bí o bá fẹ́ iṣẹ́ rẹ, dìde níbẹ̀."

"Mo fẹ́ iṣẹ́ mi, sà. Òun ni mo jókòó tì yìí."

"N ó kọ ìwé sí ọ."

"Ẹ kọ ọ́, sà. N ó kà á."

Jude ni kò lè fara da ọ̀rọ̀ kẹrosíìnì yẹn. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kà á fún wọn, kí wọ́n lè sinmi."

Jemilat mú téèpù jáde fúnra rẹ̀. Kí ó tó kì í bọ ẹ̀rọ, ó ti ìdè kékeré tó wà létí téèpù náà, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ lè ka téèpù, kò lè pa á rẹ́. Jude rí i. Ó gbé káàdì àwọn ọmọ Saidat méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà bí ẹni tó ń fi ọmọdé ṣeré.

"Bàbá: Àbdùlsàmàd, Àbdùlsàmàd. Ìyá: Saidat, Saidat. Àdírẹ́sì, ọ̀kan náà. Orúkọ ọmọ: Hafsat..." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ka èkejì sínú, ó sì fi ìka tọ ìlà tó gbẹ̀yìn. Ó tún un kà. "Pẹnisílìnì," ó wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ ṣí ìyókù," ni Jemilat wí.

Wọ́n ṣí ogún. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ẹ̀dà èkejì. Jude bọ́ kóòtù sára àga. "Lẹ́tà sí lẹ́tà ni n ó mú kí ẹ̀rọ máa wò ó," ó wí. "Yóò pẹ́ o, Àǹtí."

"Kó pẹ́. Àwa ò lọ síbì kan."

Ọjọ́ méjì gbáko ló gbà á, ṣùgbọ́n káàdì Ummulkhair ni ó kọ́kọ́ dá padà. Lọ́jọ́ kejì, Saidat gbé wọn dé, etí Ummulkhair ń ṣọyún. Nọ́ọ̀sì ka káàdì, ó sì lọ mú oògùn mìíràn.

"Àǹtí Jemilat," ni Saidat ń ṣe yẹ̀yẹ́, "èmi tí mo bí wọn gan-an, wọ́n máa ń dàrú mọ́ mi lójú. Báwo lẹ ṣe ń dá wọn mọ̀?"

"Mi ò dá wọn mọ̀. Mo ṣí wọn wò ni."

Ọlápàdé kọ ìwé rẹ̀ lóòótọ́. Ó ní kí Jemilat ṣàlàyé ìdí tó fi kọ àṣẹ, kí ó sì tọrọ àforíjì. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ fi sínú àpótí àjọlò: lẹ́tà kan, ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ tirẹ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ Jemilat. Jemilat tẹ èsì sísàlẹ̀ rẹ̀: "Mo ti kọ́bọ́ọ̀dù pa nítorí ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta wà nínú rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, n ó tún tì í. Mi ò ní àforíjì lọ́wọ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó dé etí Màmá Abọ́dúndé, láti ẹnu Saidat tó ń rán aṣọ fún un. Màmá pe Ọlápàdé àti Jemilat.

"Mo gbọ́ pé ẹ kọ ìwé sí Jemilat."

"Rárá o, Mà," ni Ọlápàdé wí. "Kò sí ìwé kankan."

Ó dá a lójú, nítorí láàárọ̀ ọjọ́ náà ló pa á rẹ́ fúnra rẹ̀. Kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn tirẹ̀ nìkan lòun yọ, pé yàrá ò níí wó níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀kùn kan bá ṣì wà lára rẹ̀.

Jemilat kò bá a jiyàn. Ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó tẹ lẹ́tà náà jáde, tòun tèsì, ó gbé e lé Màmá lórí itan. Ó padà sórí àga rẹ̀ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ ń bẹ létí ìró. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kó lọ bá a níbẹ̀, kó ní kí ó ṣí i.