Má-Jókòó àti Ìjókòó Aláwọ Funfun

Ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì, Má-Jókòó ni wọ́n ń pè é. Òun kọ́ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Rewáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ló fún un lórúkọ náà, nítorí ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn bí èèyàn bá ti sún mọ́ ọkọ̀ tó ń tọ́jú: "Má jókòó síbẹ̀ o!"

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ó ń fọ ìjókòó ọkọ̀ tí wọ́n fi awọ ṣe, pàápàá èyí tó funfun bíi wàrà. Awọ dúdú máa ń bo àṣírí ẹni tó ni ín. Awọ funfun kò mọ̀ ọ́n ṣe. Bí o bá fi ọwọ́ epo kàn án, á sọ. Bí o bá fi aṣọ tí aró rẹ̀ ń ṣí jókòó lé e, á sọ.

Ibi tí ojú kò tó ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ìjókòó, kó lè mọ̀ bóyá ọṣẹ òun yóò bá awọ náà rẹ́. Kì í da omi sí i. Á po ọṣẹ títí yóò fi hó, ìfófó orí rẹ̀ nìkan ni yóò fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ bù. Lẹ́yìn náà ló kan aṣọ funfun. Bí aṣọ náà bá nu awọ tí kò gbé nǹkan kan bọ̀ mọ́, iṣẹ́ ti parí. Á wá fi òróró pa á díẹ̀díẹ̀ kó má baà sán. Òfin kan sì wà tó ń sọ fún gbogbo oníbàárà: "Àbàwọ́n tí ẹ bá rí, ẹ má gbé e lọ sínú oòrùn. Oòrùn ló ń sè é mọ́ awọ. Bó bá ti jinná, ó ti di ara awọ nìyẹn. Èmi gan-an ò rí i ṣe mọ́."

Òun náà ní ọkọ̀ kan. Ó ti ṣe dírẹ́bà rí, ọ̀gá rẹ̀ ló sì fi ọkọ̀ náà dágbére fún un nígbà tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn. Ara ọkọ̀ ti gbó, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń wúkọ́ láràárọ̀ bí arúgbó, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dà bíi pé àná ni wọ́n gbé e dé. Aṣọ kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ́ kó tó jókòó. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni ọmọ náà ti mọ̀ pé èèyàn á gbọn ẹsẹ̀, á tẹ́ aṣọ, á ká ọwọ́ lé itan, kó tó di pé ọkọ̀ gbéra.

Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ kì í wọ ọkọ̀ náà mọ́. Bí ọkùnrin náà bá ní, "Jẹ́ kí n gbé ọ dé ibẹ̀," obìnrin náà á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá Ọmọ. Ẹsẹ̀ mi ń fẹ́ kí n nà án díẹ̀." Ó sì gbà á gbọ́. Ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ni, òun ló mọ ohun tó ń fẹ́.

Lọ́jọ́ tí inú rírun gbé obìnrin náà ṣánlẹ̀, ọkùnrin náà sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ìyàwó rẹ̀ di òpó ilé mú, ó mi orí.

"Èébì ń gbé mi," ó ní. "Ẹ bá mi pe onítakisí."

Kò jiyàn. Ohun tí kò lè gbé kúrò lọ́kàn títí di òní nìyẹn. Ó pe takisí, ó ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ wọ inú rẹ̀, ọmọ wọn jókòó tì í, òun wá ń wa ọkọ̀ tirẹ̀ tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn lọ sí ọsibítù. Gbogbo ìjókòó tó kù ṣófo, wọ́n mọ́ tónítóní. Obìnrin náà kò padà wálé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí èrò ti tú ká, tí ọmọ ti padà síbi iṣẹ́, ọkùnrin náà jókòó nínú ọkọ̀, ó ń wá nǹkan. Ó wo ibi tí èèyàn ń gbé orí lé, bóyá epo irun ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, bóyá àmì ìka. Ó ti ọwọ́ bọ àlàfo ìjókòó, bóyá á rí bọ́tìnnì kan. Kò sí nǹkan kan. Ẹni tó ń nu ibẹ̀ kò fi nǹkan kan sílẹ̀, ó sì mọ ẹni náà dáadáa. Ó sá lọ bá aṣọ tí wọ́n máa ń tẹ́. Wọ́n ti fọ̀ ọ́. Òun ló fọ̀ ọ́.

Ilé wá dákẹ́. Rédíò ló ń bá a sọ̀rọ̀. Bó bá sọ ohun tí kò tọ́, á dá a lóhùn. Ìdúró ló ti ń jẹun nídìí sítóòfù, nítorí bó bá gbé oúnjẹ dé orí tábìlì, àga kejì á máa wò ó.

Ọjọ́ Àìkú ni ọmọ rẹ̀ máa ń pè lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ wọn kì í gùn.

"Ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Ara ńkọ́?"

"Ara ń bẹ."

Ó tán. Ọjọ́ Àìkú kan ló wá fi kún un: "Wọ́n ti gbé mi lọ sí ọ̀nà jíjìn níbi iṣẹ́, Bàbá. Mo fẹ́ wá kó ẹrù Màámi tó kù kí n tó lọ. Mo lè má tètè wálé mọ́."

"Màá wá gbé ọ ní gáréèjì."

"Ẹ fi sílẹ̀. Màá wọ takisí. Ọkọ̀ yín yẹn kì í ṣe ti èèyàn."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti ń ṣú. Ìyẹn ló dun bàbá náà jù. Bí ọmọ yìí bá fi takisí wá, tó sì fi takisí lọ, ó mọ̀ pé ó tán nìyẹn. "Ẹ ti jẹun" lórí fóònù ló kù, títí ìyẹn náà yóò fi dákẹ́.

"Màá wá," ó ní, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Rewáyà, ẹ̀rín ni onítọ̀hún kọ́kọ́ fi dá a lóhùn.

"Nínú ọkọ̀ wo? Inú yàrá ìyàwó yìí? Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín jókòó níbẹ̀, kí ọkọ̀ yẹn lè mọ bí ìdí èèyàn ṣe rí. Kó má lọ dákú lójú títì."

"Ìdí tìrẹ, pẹ̀lú gíríìsì yẹn?"

"Ẹ ò rí nǹkan? 'Má jókòó' yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu yín."

Ọkùnrin náà lọ sídìí ọkọ̀, ó ká aṣọ orí ìjókòó, ó jù ú fún Rewáyà. "Fi nu ọwọ́," ó ní.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ náà dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò pẹ̀lú báàgì léjìká, òjò sì ti pa á dé orúnkún. Ṣòkòtò jíńsì tuntun ló wọ̀, búlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Awọ funfun kò ní ọ̀tá tó tó jíńsì tuntun, àgàgà èyí tó tutù. Ọkùnrin náà rí ṣòkòtò yẹn kó tó rí ojú ọmọ rẹ̀. Ó bínú sí ojú ara rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Mo ní kí ẹ má wá."

"Mo ti dé. Wọlé."

Ọmọ náà ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó wá aṣọ títí, kò rí i. Kò bèèrè. Ó tú ìborùn tó wà lórí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ sórí ìjókòó. Ó fà á gún, ó fi àtẹ́lẹwọ́ na igun rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Òjò ń pa á ní orí.

Ọkùnrin náà na ọwọ́, ó ká ìborùn náà, ó dá a padà fún un. "Wé e. Òtútù á mú ọ."

"Jíńsì ni mo wọ̀ o. Ó sì tutù."

"Mo rí i. Jókòó."

Ọ̀rọ̀ yẹn dún bákan létí àwọn méjèèjì. Ọmọ náà jókòó sí etí, bí ẹni tó wá tọrọ iṣẹ́. Wọ́n ti kúrò ní gáréèjì kó tó rọra fẹ̀yìn tì.

"Ó rọ̀," ó ní. Ó fi ọwọ́ pa á. "Mi ò mọ̀ pé bó ṣe rọ̀ tó nìyí."

Bàbá rẹ̀ ń wo títì.

"Màámi náà ò mọ̀," ni ọmọ náà sọ.

Ohun tó ń nu òjò lójú gíláàsì lọ, ó bọ̀.

"Ó yẹ kí n kọ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn," ni ọkùnrin náà wí. "Kí n gbé e. Èébì tàbí kí ni."

Ọmọ náà kò sọ pé kò burú. Ó ní, "Kì bá tí gbà. Èébì, nínú ọkọ̀ Má-Jókòó?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì yí ojú sí fèrèsé. Títí wọ́n fi délé, kò yí i padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó ń gbé àpótí ìyá rẹ̀ jáde, ó bá bàbá rẹ̀ nídìí ọkọ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti aṣọ funfun. Ó ti nu ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ti nu ti dírẹ́bà. Lórí ìjókòó kejì níwájú, búlúù náà hàn kedere, itan méjì àti ibi tí ó fẹ̀yìn tì.

"Mo sọ fún yín," ni ọmọ náà wí. "Ẹ ò tíì nu ibí."

"Mo mọ̀."

"Á wọra o. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni." Ó da omi ọṣẹ nù.

Ó gbé e padà sí gáréèjì. Ọmọ náà kò wá aṣọ mọ́. Ó jókòó sójú àmì ara rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ èrò fẹ́ gbéra, ó yọ orí lójú fèrèsé. "Màá pè yín bí mo bá débẹ̀. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ Àìkú."

Nígbà tí ọkùnrin náà wa ọkọ̀ wọ ọgbà àwọn mẹkáníìkì, Rewáyà bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀, ó sì pariwo. "Bàbá! Ta ló jókòó síbí?"

"Ọmọ mi."

"Ẹ gbé e wá síbi òjìji kíákíá kẹ́ ẹ nù ún!"

Ọkùnrin náà wá ibi tí oòrùn ti mú jù nínú ọgbà, ó gbé ọkọ̀ síbẹ̀, ó ti gbogbo gíláàsì, ó sì lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.