Wọn Kò Jẹ́ Kí N Rìn

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn rọ́ọ̀bù pọ̀ mọ́ ti kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ti rin, mo máa ń tutọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ọkùnrin kan ṣe ń rùn, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, tí ilé wa sì kọjú síra.

Dókítà ló sọ fún mi nígbà náà pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé oògùn nìkan kò tó, kí n máa rìn láràárọ̀. Ẹ̀rù bà mí, ọ̀rẹ́ mi, torí ẹ̀jẹ̀ ríru yìí náà ló sọ bàbá mi di arọpárọsẹ̀ kó tó kú. Mo ra kánfáàsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí apá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ara mi sì ń yá díẹ̀díẹ̀.

Àmọ́ ṣé aládùúgbò mi yìí á jẹ́? Á tẹ fèrè mọ́ mi lẹ́yìn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé! Irú yín kọ́ ló yẹ kó máa fẹsẹ̀ gbolẹ̀." Mo ní eré ìdárayá ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣílẹ̀kùn. Mọ́tò ti tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń pariwo, gbogbo ojú wà lára mi bí ẹni pé agídí ni mò ń ṣe. Ni mo bá wọlé. Mo jókòó sínú òórùn yẹn, mò ń sọ pé o ṣeun, ọ̀rọ̀ náà sì rí lẹ́nu mi bí itọ́ ẹlòmíì.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi kún ìgboro. Wọ́n ní mo ti ta mọ́tò mi, wọ́n ní wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá mi pè láti Iléṣà, ó ń sunkún: "Ọmọ mi, kí lò ń fi pamọ́ fún mi?" Èmi ọlọ́gbọ́n, mo gbé kẹ́ẹ̀gì dání lọ́jọ́ kejì kí wọ́n lè rò pé nǹkan kan ni mò ń lọ rà. Wọ́n ní n kò rówó rọ epo kún mọ́tò mọ́, pé inú kẹ́ẹ̀gì ni mo ti ń rà á díẹ̀díẹ̀. Ó sú mi, mo ti bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ẹnu ayé lẹbọ. Ẹ̀jẹ̀ ara mi ni mo fi rú u. Ìríra gbáà!

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ṣubú ní ọ́fíìsì. Ẹnu mi wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ òsì kò ṣeé gbé. Aládùúgbò mi wá kí mi ní ọsibítù, ó ń mi orí, ó ń sọ fún ìyàwó mi: "Mọ́mì, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí, a gbìyànjú o. A ò jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ wọn rìn." Kò parọ́.

Mo ti tún ń rìn báyìí, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀. Ohun tó ń kó mi nírìíra jù ni pé kò sẹ́ni tó ń dúró gbé mi mọ́. Àṣé ó dìgbà tí àìsàn bá hàn lára èèyàn kí wọ́n tó gbà fún un láti wá ìlera. Wọ́n á rọra yà fún mi lójú títì, wọ́n á ní, "Ẹ kú eré ìdárayá o, sà."