Àwọn Ẹja Tó Kú Lójú Ọmọ Mi

Òórùn ẹja tó ti ń jẹrà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn ilé wa ní Springdale nílùú òyìnbó lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì dé, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo sì rò pé fíríìjì ló bàjẹ́. Àṣé ọmọ mi obìnrin ló ti dé láti erékùṣù tí yunifásítì rẹ̀ rán an lọ. Ó ti kó aṣọ tó fi ń wọ abẹ́ òkun, èyí tí òórùn náà ń ti ara rẹ̀ jáde, sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, kò tan ẹ̀rọ náà.

"Mọ́mì, ẹ káàbọ̀," ló wí. Kò dìde.

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ bí àwa òbí tá a ti ilé wá ṣe máa ń ṣe níbí: dókítà la fẹ́ kí ọmọ dà. Tèmi ní ẹja lòun máa kọ́ nípa rẹ̀. Mo jà títí ó fi rẹ̀ mí, mo gbà. Ó wá fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Àwòrán àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọdún tó ṣáájú: iyùn inú òkun, ohun abẹ̀mí tí ẹja ń fi ṣe ilé, tó ṣì ń bẹ láàyè, tó yọ ẹ̀ka lábẹ́ omi bí igi, tí ẹja aláràbarà ń wọlé tó ń jáde láàárín rẹ̀. Nínú èkejì, iyùn ti funfun bí eegun. Ẹja ti dojú ikùn kọ òkè, wọ́n bo etí òkun lọ salalu.

"Òkun ló gbóná jù," ó ní. "Wọn ò rí afẹ́fẹ́ mí sínú mọ́."

"Kí lẹ wá ṣe sí i?"

"A ṣà wọ́n, a wọ̀n wọ́n, a sin wọ́n."

"Mo ní, ìtọ́jú wo lẹ fún àwọn tó kù?"

Ó wò mí. "Mọ́mì, tí ara aláìsàn yín bá gbóná, ẹ máa fi omi tútù nù ún. Omi wo lẹ máa fi nu òkun?"

Ẹbí olóògbé ni mo máa ń tù nínú lẹ́nu iṣẹ́ mi. Mo jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tèmi ti yunifọ́ọ̀mù.

Ó tún padà lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ní àwọn ò rí òkú ẹja rárá, nítorí kò sí èyí tó ṣẹ́ kù láti kú. Nígbà tó dé, ó fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, n kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi í sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo wa la máa ń sọ pé torí kí ayé àwọn ọmọ wa lè dára la ṣe sọdá òkun. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà kì í jáde lẹ́nu mi mọ́.